Kíráńkì Wo Ni Kí A Fi Sínú Ìjàpá?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ka wa sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ògìdì

  Ẹ jẹ́ kí a lọ tààrà sí orí ọ̀rọ̀ tí ó kó wa jọ.

Ìwé kan dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ wa láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Ó ní bàbá òun fi ọkọ̀ Volkswagen kan sílẹ̀ fún òun, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, tí ẹ́ńjìnnì 1600 wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ yá owó nínú àpò àjọṣe ẹ̀ka láti ra kíráńkì gígùn àti àwọn ohun tí ó bá a rìn, kí Ìjàpá náà lè di ọkọ̀ eré. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ti sọ pé àwọn yóò ṣe onídùúró fún un. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá fọ́ tí arákùnrin wa kò sì rí owó san, inú owó oṣù àwọn méjèèjì yìí ni a ó ti máa yọ gbèsè náà. Àwọn méjèèjì ní ọmọ ní ilé-ìwé. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi ní kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, kí a má kàn sọ pé "ó dára" tàbí "rárá" láìmọ ohun tí à ń sọ.

Àwọn àgbà kan rẹ́rìn-ín nígbà tí a ka ìwé náà. Wọ́n ní láti ìgbà wo ni Ìjàpá ti ń bá ẹnikẹ́ni sáré. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ìjàpá yìí kan náà ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìje Safari ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1954, ní 1957 àti ní 1962, kí Peugeot 404 tó wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1963. Ẹ́ńjìnnì 1200 lásán ni ó wà nínú èyí tí ó borí ní 1962, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn tóbi ju tirẹ̀ lọ ni ó sì fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà ohun tí arákùnrin wa ń wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ohun tí a ní láti bi í ni pé kíráńkì wo, àti pé kí ni yóò fi ọkọ̀ náà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé fún àwọn tí kì í ṣe mẹkáníìkì. Nínú ẹ́ńjìnnì, písítìnì ń lọ ó ń bọ̀ nínú ihò báréèlì. Ti Ìjàpá dùbúlẹ̀ ni, méjì ní apá ọ̀tún, méjì ní apá òsì. Apá kíráńkì ni ó ń sọ lílọ bíbọ̀ yìí di yíyí. Iye tí písítìnì ń rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sitiróòkù. Fífẹ̀ ihò báréèlì ni wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀. Bí a bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mu afẹ́fẹ́ àti epo púpọ̀ sí i nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá yí, àfi kí a fẹ bọ́ọ̀, tàbí kí a fa sitiróòkù gùn, tàbí kí a ṣe méjèèjì pọ̀. Kíráńkì gígùn ni èyí tí apá rẹ̀ yọ síta ju ti àtilẹ̀wá lọ. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ ìlọta rí mọ̀ pé bí ọwọ́ ẹ̀rọ bá gùn, yíyí rẹ̀ a máa rọrùn ju ti kúkúrú lọ, ṣùgbọ́n apá ẹni yóò ti rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó yí i po lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kíráńkì gígùn rí. Agbára ìfà ni ó kọ́kọ́ ń fún ni, pàápàá nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì yí kíákíá. Eré ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ ni ó dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fúnra wọn ń lò ó. Ìjàpá 1200 ní bọ́ọ̀ mìlímítà 77 àti sitiróòkù mìlímítà 64, àpapọ̀ àyè inú rẹ̀ sì jẹ́ síísíì 1192. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe 1300, wọn kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀ rárá. Wọ́n fi kíráńkì onísitiróòkù 69 sí i, ó di síísíì 1285. Peugeot, tí gbogbo wa ń pè ní Píjò, ṣe irú rẹ̀. Píjò 404 tí àwọn bàbá wa fi ná ọjà ní bọ́ọ̀ 84 àti sitiróòkù 73, èyí jẹ́ síísíì 1618. Nígbà tí 504 jáde ní 1968, bọ́ọ̀ 84 náà ni, ṣùgbọ́n sitiróòkù ti di 81, ẹ́ńjìnnì sì di síísíì 1796. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa bọ́ọ̀sì Hiace, ẹ wo ẹ́ńjìnnì 2RZ àti 3RZ: bọ́ọ̀ 95 ni méjèèjì ní, ṣùgbọ́n ìkíní ní sitiróòkù 86, èkejì ní 95. Inú sitiróòkù yìí ni 2.4 àti 2.7 tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ti yàtọ̀ síra.

Àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa náà ti ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó ọkọ̀ eré a máa ra ògbólógbòó Ford, wọn a wá kíráńkì Mercury ti 1949 sí 1953, tí sitiróòkù rẹ̀ jẹ́ ínṣì 4, wọn a fi rọ́pò ti Ford tí ó jẹ́ ínṣì 3¾. Ìdílé kan náà ni ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti wá, ìyẹn ni ó fi ṣeé ṣe. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n kọjú sí Chevrolet 350, tí wọ́n ń fi kíráńkì ti 400 sí i. Ìdílé kan náà ni àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú, síbẹ̀ ọrùn kíráńkì 400 tóbi ju ihò tí yóò gbé e lọ. Àwọn táánà ní láti pọn ọ́n kù láti ínṣì 2.65 sí 2.45 kí ó tó lè wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí léètì, ẹ mọ iṣẹ́ tí ó wà nínú ìyẹn. A mẹ́nu kàn án nítorí àwọn tí wọ́n rò pé bí a bá ti ra kíráńkì dé, iṣẹ́ ti parí.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Bí sitiróòkù bá fi mìlímítà 5 gùn sí i, ìdajì rẹ̀ ni písítìnì yóò fi lọ síwájú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdajì yòókù ni yóò fi padà sẹ́yìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mìlímítà 2½ síwájú ti tó láti mú kí orí písítìnì gbá tọ́ọ̀pù. Mìlímítà 2½ sẹ́yìn lè mú kí ẹsẹ̀ písítìnì kan kíráńkì. Bóòtù kọ́nróòdù náà ń gba ọ̀nà tí kò gbà rí nínú ikùn kéèsì. Ẹ wo òfì àwọn ìyá wa ní Ògìdì níbí, èyí tí ó dúró lóòró. Kò sí ahunṣọ tí ó lè hun aṣọ tí ó gùn ju ibi tí igi òfì gbà á dé lọ. Bí ó bá fẹ́ aṣọ gígùn, igi òfì ni yóò kọ́kọ́ tún rì. Kéèsì ẹ́ńjìnnì ni igi òfì wa. Ìjàpá sàn ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ ní ti èyí, nítorí pé báréèlì rẹ̀ dá dúró fúnra rẹ̀. A lè fi òrùka irin pẹlẹbẹ sí ìdí báréèlì kí ó lè sún síta díẹ̀, kí písítìnì lè rí àyè. Ṣùgbọ́n bí báréèlì bá ti sún síta, tọ́ọ̀pù ti sún síta nìyẹn, púṣíróòdù yóò kúrú jù, páànù tí ó bo ẹ́ńjìnnì kò ní dé ojú ibi tí ó yẹ kí ó dé mọ́. Ohun kan ń fa ohun kan.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. A kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Kíráńkì 82 ni wọ́n rí rà lọ́jà, wọ́n fi sínú Ìjàpá rẹ̀, wọn kò sì fi ọwọ́ yí i wò ní yíyí pípé kí wọ́n tó dì í. Ní ọjọ́ kẹta tí ó gbé e jáde, bóòtù kọ́nróòdù gbá ikùn kéèsì, ó dá ihò sí i lára, gbogbo ọ́ìlì dà sójú ọ̀nà. Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi yọ owó náà nínú owó oṣù rẹ̀. Ọkọ̀ náà ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù di òní.

Nísinsìnyí, kí ni ó wà níwájú arákùnrin wa? Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní bọ́ọ̀ 85.5 àti sitiróòkù 69, síísíì 1584, agbára rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ sì jẹ́ ti ẹṣin 50. Nínú ìwé rẹ̀ ó ní òun fẹ́ 2276, èyí tí í ṣe bọ́ọ̀ 94 pẹ̀lú sitiróòkù 82. Kí a tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí kò ní kíráńkì gígùn nínú rárá. Bí ó bá fi kíráńkì 69 sílẹ̀ bí ó ti wà, tí ó sì fi báréèlì àti písítìnì 90.5 sí i, ẹ́ńjìnnì yóò di 1776. Àwọn kan yóò sọ fún un pé kí ó ra báréèlì 88, nítorí pé ó wọ inú ihò kéèsì 1600 láìjẹ́ pé a gbé e lọ sọ́dọ̀ táánà. Òótọ́ ni pé ó wọlé. Ṣùgbọ́n ara báréèlì náà fẹ́lẹ́, bí ooru bá sì mú un, ihò rẹ̀ kì í ṣe rogodo mọ́. Ẹ́ńjìnnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì. Ti 90.5 ń fẹ́ kí táánà fẹ ihò kéèsì àti ti tọ́ọ̀pù, ó ń náni lówó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nípọn. Àwa fara mọ́ 90.5.

Bí ó bá wá fi kíráńkì 74 pẹ̀lú báréèlì 90.5 yìí, ó di 1904. Ìwọ̀n 74 yìí ní ìtàn. Porsche 356, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ̀yà Volkswagen ní 1948, ní ẹ́ńjìnnì síísíì 1582 tí bọ́ọ̀ rẹ̀ jẹ́ 82.5 tí sitiróòkù rẹ̀ sì jẹ́ 74. Ẹ fi wé 1584 ti Ìjàpá. Síísíì méjì péré ni ó wà láàárín wọn, síbẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí ó mú 74 dára lójú wa ni pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni a ń gé nínú ikùn kéèsì kí ó tó yí, ìgbà mìíràn a kì í gé nǹkan kan. Bí a bá dé 82, gígé ti di dandan. Báréèlì 90.5 pẹ̀lú 82 yóò jẹ́ 2110. Báréèlì 94 pẹ̀lú 82 yóò jẹ́ 2276 tí arákùnrin wa ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ní ìyípo 4000 ní ìṣẹ́jú kan, písítìnì onísitiróòkù 69 ń rin mítà 9.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti 74 ń rin mítà 9.9. Ti 82 ń rin mítà 10.9. Bí ọmọkùnrin bá wá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ti 82 dé ìyípo 5500, ó di mítà 15. Ní òpin ìrìn kọ̀ọ̀kan, písítìnì gbọ́dọ̀ dúró kí ó sì padà, kọ́nróòdù ni ó sì ń fà á padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí kọ́nróòdù tí ó já rí, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Kíráńkì tí Volkswagen fi sínú Ìjàpá kò tilẹ̀ ní òṣùwọ̀n irin tí ń bá apá rẹ̀ dọ́gba bí ti àwọn ọkọ̀ mìíràn, pínì mẹ́rin péré ni ó sì di fíláíwíìlì mú mọ́ ọn. Nítorí náà ẹni tí yóò ra kíráńkì gígùn kò gbọ́dọ̀ ra èyí tí kò ní òṣùwọ̀n, kí pínì rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́jọ.

Ìfúnpọ̀ tún ń bẹ. Láti ilé-iṣẹ́, 1600 ní ìfúnpọ̀ 7.5 sí 1. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àyè tí ó kù lókè písítìnì nígbà tí ó bá dé ìpẹ̀kun jẹ́ nǹkan bíi síísíì 61. Bí a bá fi àyè yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí a sọ ẹ́ńjìnnì di 1904, ìfúnpọ̀ yóò di 8.8. Bí a bá sọ ọ́ di 2276, yóò di 10.3. Ní orí epo tí à ń rà ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè búra sí, ẹ́ńjìnnì atẹ́gùn bíi ti Ìjàpá kò lè jẹ 10.3 lórí òkè ní ọ̀sán gangan. Yóò máa lu gbágbágbá, lẹ́yìn náà ihò yóò dá sí orí písítìnì. Àfi kí a gbẹ́ àyè inú tọ́ọ̀pù kí ó fẹ̀ sí i títí ìfúnpọ̀ yóò fi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 8. Ìyẹn náà, owó ni.

Ooru ni ọ̀tá Ìjàpá. Kò ní omi, kò ní rìdíétọ̀. Afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ àti ọ́ìlì lítà 2½ péré ni ó ń gbé ooru lọ. Kò tilẹ̀ ní fítà ọ́ìlì gidi, asẹ́ wáyà lásán ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ rántí eruku ọ̀nà wa nígbà ọyẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá tóbi sí i yóò gbóná sí i, ṣùgbọ́n fáànù kò tóbi sí i. Kí arákùnrin wa fi fítà gidi àti kúlà ọ́ìlì kún un, kí kúlà tí ó wà nínú ilé fáànù sì jẹ́ irú èyí tí ó wọlé láti 1971, nítorí ti àtijọ́ a máa dí afẹ́fẹ́ mọ́ sílíńdà kẹta. Ẹ dákun, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ yé sọ páànù ìbora ẹ́ńjìnnì nù. A mọ̀ pé ó ń dí yín lọ́wọ́. Páànù yẹn ni ó ń darí afẹ́fẹ́ sí ibi tí ó yẹ. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí wọ́n ní ẹ́ńjìnnì wọn ti gbó, páànù ni wọn kò ní.

A bi arákùnrin wa pé kí ni ó fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe. Ó ní òun fẹ́ máa gbé e wá sílé láti Èkó, pàápàá nígbà ọdún iṣu tuntun ní oṣù kẹfà, kí àwọn ẹgbẹ́ òun rí i; òun sì fẹ́ máa gbé e lọ sí ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ eré ń pàdé. Ìdáhùn tí kò fi nǹkan pamọ́ ni, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìjàpá 1600 bí ó ti ti ilé-iṣẹ́ wá lè sá tó kìlómítà 130 ní wákàtí kan. Òfin ojú pópó kò sì gba ọkọ̀ àdáni láyè ju 100 lọ ní márosẹ̀. Eré kọ́ ni ó ṣẹ́ kù fún un. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún un ni pé bí ó bá kó ènìyàn mẹ́rin àti ẹrù, tí ó dé ibi tí ọ̀nà ti ń gun òkè láàárín àwọn àpáta wa, tí tírélà sìmẹ́ǹtì sì wà níwájú rẹ̀ ní apá Ọ̀bàjànà, kò ní agbára tí yóò fi kọjá kíákíá kí ó sì padà sí apá tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń kú. Agbára ìfà ní ìyípo kékeré ni ó ń fẹ́, 1904 onísitiróòkù 74 sì ní in tó. Ti 2276 yóò fún un ní agbára púpọ̀ ju ìyẹn lọ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ìwé ẹ̀yáwó ni yóò kù.

Bíréèkì ńkọ́? Díróòmù ni ó wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀pọ̀ Ìjàpá. Kò mẹ́nu kan bíréèkì nínú ìwé rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò mẹ́nu kan kílọ́ọ̀ṣì àti gíábọ́ọ̀sì. Kò mẹ́nu kan káábúrétọ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì 1904 tí ń fi imú ẹ́ńjìnnì 1584 mí yóò dà bí ẹni tí ó fi aṣọ bo ẹnu tí ó ń gun òkè. Kíráńkì gan-an, bí a ti ṣírò rẹ̀, kò tó ìdá kẹta owó tí iṣẹ́ náà yóò gbà bí a bá ṣe é dójú àmì.

Àwọn awakọ̀ méjì dìde láti bi wá bóyá kí àwọn náà ṣe irú rẹ̀ sí 504 àwọn tí ó jẹ́ pikọ́ọ̀pù, kí ó lè gbé iṣu púpọ̀ sí i lọ sí Kábà. Ìdáhùn wa ni rárá. Ẹ wo ohun tí Peugeot fúnra rẹ̀ ṣe. Ó ti fa sitiróòkù láti 73 dé 81. Nígbà tí ó tún fẹ́ agbára sí i, kò fà á mọ́. Bọ́ọ̀ ni ó fẹ̀, láti 84 sí 88, ó sì di síísíì 1971. Ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà ni ó dúró níbẹ̀, kí ni àwa fẹ́ máa wá níwájú rẹ̀? Láti 1975 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná, ẹ̀yà ara 1.8 àti 2.0 ni ó kún ọjà wa. Ọkọ̀ tí ń bọ́ ilé ẹni, kí a dá a padà sí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é: kí a pọn kíráńkì, kí a fi bẹ́ríìnì tí ó bá a mu sí i, kí a pààrọ̀ silíìfù àti písítìnì. Mẹkáníìkì abúlé èyíkéyìí yóò mọ bí a ṣe ń tún un ṣe bí ó bá dákú lọ́nà. Kò sí ẹni tí yóò rí bẹ́ríìnì kíráńkì àkànṣe rà ní ẹ̀bá ọ̀nà Lọ́kọ́ja ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tí ó sì fẹ́ kí Hiace òun lágbára sí i, kí ó ra odidi 3RZ tí ilé-iṣẹ́ ti fa sitiróòkù rẹ̀ gùn fún un. Kí ó má gé 2RZ.

Ní ti ìwé ọkọ̀, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ara kéèsì ni nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Bí kéèsì bàbá rẹ̀ kò bá ṣeé lò mọ́ tí ó ra òmíràn, nọ́ńbà ti yí padà nìyẹn, ìwé ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú. Kí ó sì sọ fún àwọn adójútòfò rẹ̀ pé òun ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe, kí wọ́n má wá rí ohun tí wọn yóò fi kọ̀ ní ọjọ́ tí ó bá nílò wọn.

Ìpinnu ìgbìmọ̀ nìyí. A kò ní yá a lówó 2276. A ó yá a lówó 1904, kíráńkì 74, báréèlì 90.5, bí ó bá gbà láti ṣe é ní ìpele ìpele. Kéèsì ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí ó tó tú ẹ́ńjìnnì náà, kí mẹkáníìkì di púlì mú, kí ó tì í, kí ó sì fà á. Bí kíráńkì bá ń lọ síwájú sẹ́yìn ju mìlímítà 0.15 lọ, bẹ́ríìnì rẹ̀ ti ń jẹ. Bí ó bá ti tú u, kí táánà wọn ihò bẹ́ríìnì tí kíráńkì ń jókòó sí, nítorí kéèsì Ìjàpá rọ̀, kíráńkì a sì máa lu ihò náà fẹ̀ pẹ̀lú ọdún. Bí ihò bá ti fẹ̀ kọjá ibi tí a lè tún un gbẹ́, ìgbìmọ̀ kò ní fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ títí yóò fi rí kéèsì mìíràn. Owó bíréèkì ni a ó kọ́kọ́ san, a ó sì san án fún ẹni tí ń ta bíréèkì tààrà. Lẹ́yìn náà ni owó táánà. Owó kíráńkì ni yóò gbẹ̀yìn. Nígbà tí a bá sì fẹ́ dì í, kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó jẹ́ mẹkáníìkì wà níbẹ̀ láti fi ọwọ́ yí kíráńkì náà ní ẹ̀ẹ̀mejì pípé, kí a tó fún bóòtù kankan pa.

Arákùnrin wa ní òun ti gbọ́. Ó ní òun yóò ronú sí ti 2276, ṣùgbọ́n òun yóò mú ìwé iye owó láti ọ̀dọ̀ táánà méjì wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Àwọn onídùúró méjèèjì sì ní àwọn kò ní fọwọ́ sí ìwé kankan títí àwọn yóò fi fojú ara wọn rí kéèsì náà ní títú lórí tábìlì.